Afòpiná Inú Pòròpórò Gbígbẹ

Ìròyìn tí ì bá dé lánàá, òní ló dé.

Fóònù ló gbé e wá. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Afòpiná dúró nídìí fèrèsé yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fi aṣọ tútù nu eérú tó bà sórí tábìlì, sórí gíláàsì, sórí àpótí tó ń kó àwọn kòkòrò rẹ̀ sí. Bó bá nu èyí tán, òmíràn á tún rọra fò wọlé, á bà síbi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, bí ìyẹ́ tó ti sọ ẹyẹ rẹ̀ nù.

"Òun ni!" Ohùn Ọ̀gá Onígíláàsì ń gbọ̀n lórí fóònù. Ìlú ńlá ni bàbá yìí ń gbé. Nínú gbogbo àwọn tó mọ̀ nípa kòkòrò, òun ni àgbà wọn, gíláàsì ojú rẹ̀ sì nípọn bí ìdí ìgò. "Ọmọ mi, òun gan-an ni! Mo wo ìdí afòpiná àkọ́kọ́ tó o fi ránṣẹ́ lábẹ́ awò, mo tún wo ìdí èkejì. Láti ìgbà tí irun wà lórí mi ni ẹnikẹ́ni ò ti rí irú ẹ̀ mọ́. A ti gbà pé ó ti tán láyé. Àná ló ti dá mi lójú, mo kàn ní kí n sùn lé e ni, kí n má lọ fi ìkánjú parọ́. Gbọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan koríko ìfèéfèé gbígbẹ inú àbàtà yẹn o. Bí mo bá sọ fóònù yìí kalẹ̀, àwọn aláṣẹ ni mo ń pè. Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Ó ń gbọ́ ọ. Ó wo ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó ti dúdú dé oríkèé.

"Ọ̀gá," ló wí, "wọ́n ti sun ún. Àná ni wọ́n sun ún."

Ohùn bàbá náà di ti arúgbó pátápátá. "Ta ló sun ún?"

Afòpiná gbé aṣọ tútù náà sílẹ̀. Ẹni tó sun ún ni ẹni tí òun fẹ́ fẹ́.

*

Iná ló kọ́kọ́ mú wọn mọ ara wọn.

Ìgbà náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ sí ilé kékeré tó wà létí àbàtà, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tó ń gbé inú omi àti inú koríko. Afòpiná ni ìpín tirẹ̀. Nírọ̀lẹ́, á gbé àtùpà kan tí iná rẹ̀ rí bí ojú ọ̀run ìyálẹ̀ta kalẹ̀ sórí pèpéle pákó tó yọ sójú omi. Á ta aṣọ funfun sẹ́yìn rẹ̀, á sì to kíréètì ẹyin tí kò lẹ́yin nínú sínú àpótí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn afòpiná á tẹ̀lé iná dé ibẹ̀, wọ́n á rá wọnú àpótí, oníkálukú á wá ihò kíréètì tirẹ̀, á sì sùn lọ bí àlejò tí wọ́n fún ní yàrá. Bílẹ̀ bá mọ́, á yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì tú wọn sílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ọkọ̀ pupa kan fi ariwo já sí etí omi. Ọkùnrin kan tó ga bẹ́ sílẹ̀, àṣíborí lórí, rọ́bà omi léjìká.

"Ta ló dáná síbí?"

"Iná kọ́ o, àtùpà ni!" ló pariwo. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi sí i!"

"Wọ́n pè wá pé àbàtà ń jó, pé iná àràmàǹdà ni, pé kò pupa bí iná gidi."

"Kòkòrò ni mò ń fi í pè."

Ọkùnrin náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ tó kún fún ẹrẹ̀. "Ẹ̀ ń pe kòkòrò. Àwọn náà ń dáhùn?"

"Wọ́n ń dáhùn ju èèyàn lọ."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gba ojú omi kọjá, ó sì padà wá bá ọmọbìnrin náà níbi tó dúró sí, ó wọ̀ ọ́ lára bí ìgbà téèyàn gbé ife tíì gbígbóná lọ́wọ́ nínú otútù. Panápaná ṣí àṣíborí, ó jókòó sórí pákó, ó ní òun fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Kò dìde títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọ̀rọ̀ di tàdúgbò. "Afòpiná rí Panápaná!" làwọn èèyàn ń wí. "Ta ni yóò wá pa ta nínú wọn?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà míì, bó bá ku òun nìkan, á rántí pé àwọn àgbà ní afòpiná tó lóun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa, á sì yára ronú nǹkan míì.

Panápaná ló ra bàtà rọ́bà gígùn tó dé itan fún un. "Mi ò fẹ́ kí ẹrẹ̀ mọ ẹsẹ̀ tó jẹ́ tèmi," ló wí. Afòpiná ka ọ̀rọ̀ yìí lọ́kàn ní ìgbà àìmọye bó ṣe ń lọ sílé, bí ẹni tó rí ohun tó dùn lẹ́nu tí kò fẹ́ gbé mì.

*

Ìyá rẹ̀ kò bá wọn yọ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá náà. Wọ́ọ̀dù àwọn tí iná jó ló ti lo púpọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Kì í pariwo, kì í bú èèyàn. Bí ọ̀rọ̀ bá ká a lára, aṣọ ló máa ń ká.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni alárinà ọ̀rọ̀ náà. Aránṣọ ni, ẹnu rẹ̀ sì máa ń yára ju ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ó wá lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó jókòó sórí àga láì jẹ́ kí wọ́n fi lọ̀ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ dáadáa ni. Ó níṣẹ́ ìjọba. Bàbá ẹ̀ ló ni ilé iṣẹ́ bíríkì. Ẹ wo bó ṣe ń wo ọmọ yìí, bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ ka iwájú ẹ̀!"

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn," ìyá dáhùn, ó ń ká aṣọ. "Ẹni tí ebi ń pa kì í pẹ́ yó."

"Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń fi ojoojúmọ́ yẹ ìdí kòkòrò wò. Ọkọ wo lẹ rò pé ó tún ń bọ̀?"

"Àǹtí, iṣẹ́ ni o," Afòpiná dá sí i. "Àwọn kan jọra bí ìbejì. Ìyẹ́ wọn ò lè sọ ìyàtọ̀ wọn, ìdí nìkan ló lè sọ ọ́."

"Kí lo fẹ́ kí n rán sára aṣọ ìgbéyàwó ẹ báyìí, ìdí kòkòrò?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí aránṣọ lọ tán, ó pe ọmọ rẹ̀ sítòsí.

"Mo ti fi bándéèjì wé ara ọ̀pọ̀ èèyàn tí iná jó," ló wí. "Màá bi wọ́n bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó sọ pé iná náà kọ́kọ́ bú mọ́ òun. Gbogbo wọn ló ní ó kọ́kọ́ mú òun lára yá ni."

"Màámi, kí ló ṣe yín?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Bó bá wọlé, á kí mi dáadáa, á dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ á ti yí yàrá ká kí àyà ẹ̀ tó kan ilẹ̀. Mo mọ ẹni tó ń kí èèyàn, mo mọ ẹni tó ń ka ilé."

Afòpiná bínú lọ́jọ́ náà. Ó rò ó pé ọjọ́ ogbó ló ń mú ìyá òun fura. Ẹni tí ìfẹ́ bá wọ̀ lára, etí rẹ̀ a máa di, ojú rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

*

Láàárín àwọn afòpiná tó ń wọ àpótí rẹ̀, ọ̀kan wà tó yàtọ̀. Kò tóbi, kò lẹ́wà. Ìyẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ koríko tó gbẹ, pẹ̀lú ilà tín-ínrín kan bí ìgbà téèyàn fi pẹ́ńsù fà á. Ọ̀pọ̀ ló jọ ọ́ nínú àbàtà, ṣùgbọ́n imú èyí gùn ju tàwọn yòókù lọ. Ó wò ó títí, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó fi méjì nínú wọn ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Onígíláàsì pé kó bá òun yẹ̀ wọ́n wò.

Ibi tó ti ṣàṣìṣe rèé. Ẹ̀bá pèpéle pákó ni àtùpà rẹ̀ wà, ìfèéfèé tútù ló sì yí ibẹ̀ ká. Ibẹ̀ ló ti ń rí àwọn afòpiná náà, nítorí náà ó gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí àwọn panápaná wá bi í léèrè ibi tí wọ́n lè sun kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú, bí wọ́n ti máa ń ṣe lọ́dọọdún kí iná àìròtẹ́lẹ̀ má bàa ti inú àbàtà wọ ìlú, òun gan-an ló nàka sí ìfèéfèé gbígbẹ tó wà nísàlẹ̀ igi kan ṣoṣo tó dúró láàárín àbàtà. "Ẹ fi tútù sílẹ̀," ló wí fún wọn. "Gbígbẹ ò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní."

Ọjọ́ tó mọ̀ pé òun ti ṣì í, òun àti Panápaná ni wọ́n jọ wà níbẹ̀. Wọ́n rìn dé ìdí igi náà kí wọ́n lè wo oòrùn tó ń wọ̀. Ó já pòròpórò ìfèéfèé kan tó ti gbẹ láti ọdún mélòó kan, ó ń fi ṣeré lọ́wọ́. Ó là á. Nínú ihò rẹ̀, ìdin funfun kan tí orí rẹ̀ pọ́n ká jọ, ó ń sùn.

Ó la òmíràn. Ọ̀kan tún wà níbẹ̀. Nínú òmíràn, ìdin ti ká ara rẹ̀ di ìdì, ó ń yí padà di afòpiná, imú gígùn tó mọ̀ dáadáa sì ti hàn lábẹ́ awọ rẹ̀.

"Ibí ni wọ́n ń gbé," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Inú gbígbẹ. Ìyá wọn ń yé wọn sínú èyí tí ẹnikẹ́ni ò gé, wọ́n á sì wà níbẹ̀ títí òjò á fi dé. Iná mi ló ń fà wọ́n lọ sí etí omi. Ibi tí iná wà ni mo ti ń rí wọn, ibẹ̀ kì í ṣe ilé wọn." Ó di apá Panápaná mú. "A gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé kí wọ́n má sun ibí!"

Panápaná wo ìdin náà pẹ́. Ó fọwọ́ nu ẹrẹ̀ lójú ọmọbìnrin náà.

"Fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún mi," ló wí. "Bí Ọ̀gá bá ti lè sọ pé òun ni, ṣáná kan ò ní tàn níbí lójú mi. Ṣùgbọ́n títí di ìgbà náà, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ lo nàka sí ibí lójú gbogbo wọn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

Afòpiná rò pé ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ó yọ wáyà bàbà kan lápò, ó so ó mọ́ ìdí ìfèéfèé tó kọ́kọ́ là, kí àwọn méjèèjì lè mọ ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Afẹ́fẹ́ fẹ́ kọjá lórí àbàtà, gbogbo pòròpórò náà sì lu ara wọn, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, bí eyín ẹni tí otútù ń mú.

*

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí bàbá Panápaná pè é wá jẹun.

Ilé Bàbá Bíríkì pupa láti ìpìlẹ̀ dé ọgbà. Inú ilé pàápàá, wọn ò kùn ún. Bàbá náà sanra, ó lẹ́rìn-ín, ó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ sí àwo àlejò.

"Jẹun, ìyàwó wa. Ṣé wọn kì í bọ́ ẹ níbi iṣẹ́ kòkòrò yẹn ni?"

"Wọ́n ń bọ́ mi, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà, inú àbàtà yẹn ni mo ń wò. Ihò àtijọ́ tí a ti ń wa amọ̀ ti tán, omi ti gbà á. Ṣùgbọ́n ìdí igi yẹn! Amọ̀ tó wà níbẹ̀ kúnná bí ìyẹ̀fun. Ilẹ̀ kì í ṣòro láti gbà lọ́wọ́ ìjọba bí kò bá ti sí nǹkan kan lórí ẹ̀." Ó gé ẹran, ó jẹ ẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín. "Mo gbọ́ pé inú pòròpórò làwọn ọmọ ẹ ń sùn. Pé wọn kì í jí títí òjò fi dé. Ọmọ tó gbọ́ràn!"

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Afòpiná. Ẹnìkan ṣoṣo ló sọ fún. Ó wo ẹni náà. Panápaná tẹjú mọ́ àwo rẹ̀, ó ń ṣa egungun ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé ìdánwò ni.

Lọ́nà ilé, ó bi í. "O sọ fún wọn?"

"Bàbá mi ni, àbí? Tí a bá jókòó, kí ni mo tún ní láti bá wọn sọ bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ẹ?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn. Ó jẹ́ kí adùn rẹ̀ bo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí ewé ṣe ń bo ojú kànga. Ṣùgbọ́n kò rí oorun sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Lójú àlá, ó máa ń gbọ́ tí pòròpórò ń lu ara wọn.

*

Ọjọ́ tí iná náà jó, ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ló wà láti àárọ̀, wọ́n ń wọn aṣọ ìgbéyàwó sí i lára.

"Gbé apá sókè. Yí padà. Má mí."

"Àǹtí, bí mi ò bá mí, ta lẹ fẹ́ rán aṣọ fún?"

"Ọkọ ẹ á mí fún ẹ." Aránṣọ kó abẹ́rẹ́ sẹ́nu, síbẹ̀ kò dákẹ́. "Òun ló tiẹ̀ ní òní ni kí n pè ẹ́. Ó ní kí n má jẹ́ kó o tètè lọ, pé òun ń ṣe nǹkan kan tí yóò yà ẹ́ lẹ́nu. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ẹ jù!"

Ojú tì í, inú rẹ̀ sì dùn. Aṣọ funfun náà wúwo léjìká rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó gbóòórùn nǹkan.

"Àǹtí, kí ló ń jó?"

"Áyọ́ọ̀nù ni."

"Áyọ́ọ̀nù ò sí lórí iná. Ẹ jẹ́ ká ṣí fèrèsé."

"Kí eruku bà sórí aṣọ funfun? Dúró jẹ́ẹ́, jàre."

Ó dúró jẹ́ẹ́. Òórùn náà ń pọ̀ sí i. Lẹ́yìn gíláàsì, ojú ọ̀run pupa rúsúrúsú nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó bà sórí apá rẹ̀ lójú pópó ni pòròpórò kékeré kan tó ti di eérú, tí ó ṣì mú àwòrán ara rẹ̀ dání. Ó fọwọ́ kàn án, ó sì túká.

*

Lẹ́yìn tí Ọ̀gá Onígíláàsì sọ fóònù kalẹ̀, Afòpiná wọ bàtà rọ́bà rẹ̀, ó sì wọ inú àbàtà lọ.

Ọ̀pọ̀lọ́ kankan kò ké. Gbogbo ilẹ̀ dúdú, àfi ìdí igi náà tó funfun. Ó ti bá Panápaná rìn tó láti mọ ìtumọ̀ rẹ̀: ibi tí iná bá pẹ́ sí jù ni eérú ti ń funfun. Ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ wọn. Etí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọjú iná sí afẹ́fẹ́ kó lè máa rọra rìn, wọ́n á lu páànù káàkiri kí ẹranko lè sá. Èyí kò bẹ̀rẹ̀ létí. Àárín, nídìí igi yìí gan-an, ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ yẹ eérú funfun náà. Wáyà bàbà rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti dúdú, ó ṣì wà ní lílọ́ bí ó ṣe lọ́ ọ mọ́ ìdí ìfèéfèé.

Àwọn méjì ló mọ ibẹ̀.

Ó délé, ó sunkún sí itan ìyá rẹ̀. Ìyá kò sọ pé mo sọ fún ẹ. Ó ń fọwọ́ pa á lórí, ó sì jẹ́ kó sunkún tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Nígbà tí ilé bá jó," ló wá wí, "tí wọ́n kó àwọn èèyàn dé bá wa, a kì í kọ́kọ́ ka òkú. Ẹni tó ń mí la ń wá. Dìde, kó o lọ wá wọn."

"Màámi, kò sí gbígbẹ kankan mọ́. Gbogbo ẹ̀ ló jó."

"Ìwọ lo sọ fún mi pé ibi tí iná wà lo ti kọ́kọ́ ń wá wọn, tó o fi ṣì í. Má tún wá wọn níbi tí iná wà."

Ó gbé orí sókè. Ibo ni ẹnikẹ́ni kì í gé ìfèéfèé? Ibo ni wọn kì í dáná sí, tí ọmọdé kì í dé, tí ọkọ̀ ojú omi kì í gbà?

Ihò àtijọ́. Ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ bíríkì, níbi tí wọ́n ti wa amọ̀ títí ó fi tán, tí omi gbà á, tí ìfèéfèé hù bò ó kí wọ́n tó bí òun. Etí rẹ̀ máa ń gbé èèyàn mì, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń súnmọ́ ọn.

Ní kùtù ọjọ́ kejì, ó wọ ibẹ̀. Amọ̀ pupa mu ún dé orúnkún, ó di ìfèéfèé mú, ó fa ara rẹ̀ yọ, ó tún wọ̀. Lókè orí rẹ̀, símínì ilé bíríkì ń tú èéfín. Ó ń gbọ́ ohùn Bàbá Bíríkì tó ń pàṣẹ fáwọn òṣìṣẹ́, ó súnmọ́ débi pé ó pa èémí mọ́ra. Ó yọ ọ̀bẹ kékeré. Ó la pòròpórò gbígbẹ kan: òfìfo. Ó la èkejì: òfìfo. Ó la ẹ̀kẹta.

Ìdin funfun náà ká jọ, orí rẹ̀ pọ́n. Ó ń mí.

Kò yọ̀ bó ṣe rò pé òun yóò yọ̀. Ẹ̀rù ló bà á, bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́ láàárín ọjà. Ó fi òwú di pòròpórò náà padà, ó gbé e dúró síbi tó ti mú un, ó sì jáde gba ọ̀nà tí ojú àwọn òṣìṣẹ́ kò dé. Ó pe Ọ̀gá Onígíláàsì lójú ọ̀nà. "Mo ń bọ̀ fúnra mi," ni bàbá náà wí, "èmi àti àwọn aláṣẹ. Títí a ó fi dé, má sọ fún ẹ̀dá alààyè."

Lẹ́yìn náà ló dúró nídìí ẹ̀rọ omi tó wà ní ìkóríta, ó ń fọ bàtà. Amọ̀ pupa kò yọ sójú ilẹ̀ níbòmíì nínú àbàtà. Ẹrẹ̀ ibi yòókù dúdú. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ náà á wo bàtà rẹ̀, á sì mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ó fi kànrìnkàn fọ ìsàlẹ̀, ó fi ìka yọ èyí tó há sí ojú ìrán, ó tún bu omi lé e. Ọ̀dọ̀ Panápaná ló ń lọ. Ó dúró lójijì, kànrìnkàn lọ́wọ́, omi ń ṣàn lọ pupa sínú gọ́tà. Níbẹ̀ ló ti mọ̀ pé òun ti pinnu.

*

Panápaná wà ní àgbàlá ilé iṣẹ́ wọn, ó ń na rọ́bà omi sí oòrùn kó lè gbẹ. Nígbà tó rí i, ojú rẹ̀ tàn, lẹ́yìn náà ló ṣókùnkùn.

"Láti àná ni mo ti ń pè ẹ́."

"Ọ̀gá pè mí," ló wí. "Òun ni."

Ó ju rọ́bà sílẹ̀. "Òun ni? Yéè. Ká ní ó tètè pè ni..."

"Ká ní ó tètè pè, o ò ní sun ún?"

Panápaná tún gbé rọ́bà náà nílẹ̀. Ọkọ̀ pupa ńlá náà ń tàn lẹ́yìn rẹ̀, ó mọ́ tónítóní.

"Àárín lo ti bẹ̀rẹ̀," ni Afòpiná wí. "Mo rí wáyà mi."

"Bàbá mi ni." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ilé tí wọ́n ń kọ́ fún wa, níbo lo rò pé bíríkì rẹ̀ ti ń bọ̀? Wọ́n ní kí n sun ún kó tó di pé ọ̀gá ẹ dá sí i. Mo ní kó o má wà níbẹ̀, kó o má bàa rí i. Mo ro ti ẹ̀dùn ọkàn ẹ. Kòkòrò ni o. Èmi àti ìwọ, èèyàn ni wá. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ."

"Mo mọ̀."

Ó mọ̀ lóòótọ́, ohun tó sì dùn ún jù nìyẹn. Bí ẹnìkan bá la àyà ọkùnrin yìí, ìfẹ́ wà níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Panápaná fẹ́ gbá a mọ́ra, ó sì dúró. Ojú rẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀. Ó wo bàtà rọ́bà náà, tó ń dán, tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

"O fọ bàtà," ló wí.

"Mo fọ̀ ọ́."

"O ò fọ bàtà yìí rí látìgbà tí mo ti rà á fún ẹ." Ó gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀. Nǹkan kan tàn nínú ojú náà, Afòpiná kò sì mọ̀ bóyá ayọ̀ ni àbí nǹkan míì. Ó wò ó, ó fẹ́ mọ̀ ọ́n tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n. "O ti rí wọn níbòmíì. Àbí? O rí wọn! Níbo?"

Afẹ́fẹ́ gbé eérú díẹ̀ kọjá láàárín wọn.

"Mo rí wọn," ló wí. "Wọ́n wà láàyè. Mi ò ní sọ ibi tí wọ́n wà fún ẹ. Mi ò sì ní fẹ́ ẹ mọ́, torí mi ò lè bá ẹni tí mo gbọ́dọ̀ fọ bàtà mi kí n tó wọlé tọ̀ gbé inú ilé kan."